Ẹ má fi iyanrìn sọ ọ́ lórúkọ

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Kábà dábàá "ẹyẹ-iyanrìn" fún àwọn ẹyẹ tí Òyìnbó ń pè ní sandpiper. Wọ́n ní iyanrìn ló ṣáájú nínú orúkọ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo júbà wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn.

Èyí tí àwa tí a dàgbà lápá Ọ̀wọ̀rọ̀ mọ̀ jù, Yúróòpù àti Éṣíà ló ti ń yé ẹyin, ó sì máa ń wà lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó máa ń dá rìn létí odò Ọya. Bó ṣe ń gbésẹ̀ ló ń jùrù, ìdí rẹ̀ kì í sinmi rárá. Bó bá fò, á fò mọ́lẹ̀ lórí omi, apá rẹ̀ á máa gbọ̀n. Orí òkúta ni o, inú ẹrẹ̀ ni o, ara ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté ni o, kò síbi tí kì í bà sí. Ìrù jíjù yẹn lẹnikẹ́ni fi ń dá a mọ̀. Orúkọ akókó jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe ń sọ igi. Ajùrù-etídò ni kí tiwa yìí máa jẹ́.

Ẹ tún wo ìbátan rẹ̀ ní àwọn erékùṣù Tuamotu, nínú òkun Pàsífíìkì. Kì í ṣí lọ sílẹ̀ òkèèrè, ó sì ń wá kòkòrò jẹ láàárín ewéko. Kí ni iyanrìn fẹ́ sọ nípa rẹ̀? Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é ní kivi-kivi. Ẹ jẹ́ ká gba orúkọ wọn, ká kọ ọ́ ní kífikífi, torí a kò ní v. Èkúté tí ọkọ̀ òkun kó wọ àwọn erékùṣù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Erékùṣù Tahiti náà ní tiẹ̀ rí. Wọ́n mú un ní 1773 nígbà ìrìn àjò Cook, atukọ̀ òkun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, òkú ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Leiden ní ilẹ̀ Netherlands. Ó dùn mí gan-an.

Fún gbogbo ìdílé àwọn ẹyẹ yìí, ẹnì kan mú "agúnyanrìn" wá. Ẹ pè é kíákíá: agúnyán letí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Afàgógówalẹ̀ ni mo fara mọ́. Èyí tó ń yí òkúta wá oúnjẹ ńkọ́? Àgógó náà ló fi ń yí i.

Ẹni tó bá ń lọ sí Lọ́kọ́ja, ẹ bá wa bi àwọn apẹja ohun tí wọ́n ń pe ajùrù yìí. Bí wọ́n bá ní orúkọ fún un, mo kó tèmi kúrò nílẹ̀.