Àwòrán ń bu lára ògiri ilé kọfí mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ilé kọfí kékeré ní Marina, Àgbádárìgì, létí ọ̀sà. Àwọn ayàwòrán àdúgbò ń pàtẹ iṣẹ́ wọn síbẹ̀. Ọ̀kan ń ya òkun àti àwọn ọkọ̀ tó ń sọdá sí Gbẹrẹfu. Èkejì ṣe àgùnbánirọ̀ ní Yobe, ó rí òkìtì yanrìn Yusufari, kò sì ya nǹkan mìíràn mọ́. (Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹni tó bá wò ó, ọjà mi ló sì ń tà!)

Ọ̀rinrin ni ìṣòro. Ti orí kánfáàsì ṣì dára, àmọ́ àwọn tó wà lórí bébà ti ń bu, àmì dúdú sì ń yọ. Mo ti gbé wọn jìnnà sí ibi tí a ti ń se omi, mo ń tan fáànù. Káfíńtà fi gíláàsì lé ọ̀kan lórí gbọngbọn, omi bá há sínú rẹ̀. Ẹnìkan ní kí àlàfo wà láàárín gíláàsì àti bébà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Ṣé kí n náwó sí irú férémù bẹ́ẹ̀, àbí kí n gba ti kánfáàsì nìkan títí ọyẹ́ yóò fi dé?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.