Wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà wo inú màmá mi, wọ́n ní àwọn ò lọ

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ti lé lẹ́ni ọdún 60, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Bódìjà. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń ra oògùn orúnkún lọ́jà lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà. Dókítà ní kí wọ́n wá ṣe endoscopy lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyẹn ni pé wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ẹnu wọn lọ wo ikùn. Màmá ní àwọn ò lọ, pé wáyà yẹn á sé èémí mọ́ àwọn nínú. Ta ló ti ṣe é rí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi kí Màmá. Èmi náà sunkún kí n tó wọlé. Nọ́ọ̀sì kan ló yà á sórí ìwé fún mi: ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà oúnjẹ, ọ̀tọ̀ ni ti èémí. Ọ̀nà oúnjẹ ni rọ́bà náà ń gbà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ọmọńdinrín ìka mi lọ.

Wọ́n fín oògùn kíkorò sí mi lọ́fun, ọ̀fun kú. Mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n fi ike há mi lẹ́nu kí n má baà gé rọ́bà jẹ. Ìgbà tí wọ́n ní kí n gbé e mì ló le jù. Èébì ń gbé mi, omijé ń dà, itọ́ ń dà. Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Imú ni kẹ́ ẹ fi mí, díẹ̀díẹ̀." Bí mo ṣe gbájú mọ́ imú mi ni ara rọ̀. Wọ́n gé ẹran bíńtín nínú ikùn mi fún àyẹ̀wò, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú 10. H. pylori, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ikùn, ni wọ́n rí, mo lo oògùn fún ọjọ́ 14.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́ Ajé ni kí wọ́n jẹ kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ní eyín àtọwọ́dá, kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ mú páálí oògùn orúnkún yẹn dání, nítorí púpọ̀ nínú wọn máa ń dá ọgbẹ́ síkùn. Tí wọ́n bá ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, ẹ sọ ọ́, ó lè bo kòkòrò H. pylori yẹn mọ́lẹ̀ nínú àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀ọ́, tí ìgbẹ́ dúdú bá tún yọ tàbí tí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ má dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́: Mo ka ti Ìyá Ìbejì sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n béèrè: ṣé ẹni tó ń di ọwọ́ mú yẹn á wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì kan máa ń dúró níbi orí aláìsàn títí wọ́n á fi yọ rọ́bà. Kí wọ́n sọ fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn fẹ́ kó di ọwọ́ àwọn mú.