Ọjà tó ṣẹ́kù nílé, ṣé mo lè yọ owó ẹ̀ kúrò nínú èrè kí n tó san owó orí?

Aláńkárá_Akobo
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Yàrá kan nínú ilé wa ní Akobo, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń ta ańkárá àti léèsì lórí Instagram àti WhatsApp, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, Gbági ni mo ti ń kó ọjà. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọjà 300,000 náírà ló wà nílẹ̀, mo tún ra ti 2,400,000 láàárín ọdún, mo sì ta ti 3,600,000. Nígbà tí December parí tí mo ka èyí tó kù nínú àpò, iye tí mo rà á jẹ́ 700,000. Ẹnì kan wá ní kí n yọ gbogbo 2,400,000 yẹn kúrò nínú ohun tí mo tà, pé ṣebí owó ti jáde lọ́wọ́ mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Dátà ńkọ́, náílọ́ọ̀nù tí mo fi ń di ọjà, owó iná, owó ilé? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ, mo fẹ́ kó ti wà létò kí March 31 tá a gbọ́dọ̀ fi ìwé owó orí sílẹ̀ tó dé.

Akáńtáǹtì_Bódìjà
Àǹtí, ẹ má yọ gbogbo ẹ̀ o! Aṣọ tó ṣì wà nínú àpò kì í ṣe ìnáwó, owó yín ṣì ni, èyí tẹ́ ẹ ti tà nìkan lẹ lè yọ iye tẹ́ ẹ rà á. Ẹ ro 300,000 mọ́ 2,400,000, ó di 2,700,000, ẹ wá yọ 700,000 tó kù nílẹ̀, ó ku 2,000,000, ìyẹn lowó ọjà tẹ́ ẹ tà. Ẹ yọ ọ́ nínú 3,600,000, ó ku 1,600,000. Tẹ́ ẹ bá ṣe bí ẹni yẹn ṣe wí, 1,200,000 lẹ máa kọ, ẹ ti fi 400,000 pamọ́ láìmọ̀ nìyẹn, bí wọ́n bá sì yẹ ìwé yín wò, owó ìtanràn ń bọ̀.

Nínú 1,600,000 yẹn lẹ ti máa yọ dátà, náílọ́ọ̀nù àti owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà láti Ìwó Road. Owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi kó ọjà láti Gbági wá sílé yàtọ̀, ara iye tẹ́ ẹ ra ọjà ni, ẹ pín in lé aṣọ lórí. Ká ní gbogbo ìnáwó jẹ́ 400,000, èrè ku 1,200,000. Tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán lẹ fi sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀), tí kì í ṣe kọ́ńpìnì, owó tiyín ni ìjọba kà á sí, OYSIRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lẹ máa san owó orí ẹ̀ fún. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026, wọn ò gba nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́, 15% ni wọ́n máa gbà lórí 400,000 tó kù. 60,000 nìyẹn.

Màmá_Ìbejì_Challenge
Ọlọ́run á bù sí i fún yín sà. Èmi náà fẹ́ bèèrè, iye ọjà kì í dúró sójú kan. Mo ra ańkárá 20 ní 6,000, ìgbà tí mo padà lọ ó ti di 8,500, mo tún ra 20. Mo ti ta 25, ó ku 15, gbogbo ẹ̀ wà pọ̀ nínú àpò kan náà, èló ni kí n wá kọ?

Akáńtáǹtì_Bódìjà
Ọ̀nà méjì ló wà mà. Ẹ lè gbà pé èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà lẹ kọ́kọ́ tà, 15 tó kù á jẹ́ ti 8,500, ìyẹn 127,500. Tàbí kẹ́ ẹ da owó gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 7,250, 15 á wá jẹ́ 108,750. Èyí tẹ́ ẹ bá mú ni kẹ́ ẹ máa bá lọ, ẹ má lo tibí lọ́dún yìí kẹ́ ẹ lo tọ̀hún lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá sì mú rán aṣọ ẹbí ara yín ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ìnáwó òwò, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mú un.

Aláńkárá_Akobo
Ẹ ṣé gan-an ni sà. Ó ku ti owó ilé, ilé oníyàrá mẹ́rin ni, ọjà gba ọ̀kan. Àti léèsì kan tí òjò bà jẹ́ nígbà tí òrùlé jò.

Akáńtáǹtì_Bódìjà
Ìdá kan nínú mẹ́rin owó iná lẹ lè kọ mọ́ òwò, kì í ṣe gbogbo ẹ̀, torí ẹ̀ ń fi iná yẹn se oúnjẹ, ẹ sì ń fi wo tẹlifíṣọ̀n. Ti owó ilé, òfin gba ẹni tó ń san án láàyè láti yọ 20% ẹ̀ nínú owó tí wọ́n máa ṣírò owó orí lé, kó má ṣáà ti ju 500,000 lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ yín ló ń san án, tiwọn nìyẹn o, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Owó kan náà ò sì gbọdọ̀ wọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì.

Ti léèsì, tẹ́ ẹ bá rà á ní 25,000 tí kò lè ju 10,000 lọ mọ́ báyìí, 10,000 lẹ máa kọ sí ọjà tó kù. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó bàjẹ́ sí i. Èyí tí kò ṣeé tà mọ́ rárá, òdo lẹ máa kọ.