Èsì: «Eléegun-ẹ̀yìn» kò lè jẹ́ orúkọ Chordata

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá fún àwọn ìdílé ẹranko ni pé kí á pe Chordata, ìdílé ńlá tí àwa ènìyàn àti ẹja wà nínú rẹ̀, ní «eléegun-ẹ̀yìn», kí á sì pe Echinodermata, ìdílé ìràwọ̀ òkun àti kùkúḿbà òkun, ní «ẹlẹ́gùn-ún». Ti àkọ́kọ́ yẹn yóò tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ bíbí inú ilé síta.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lọ jìnnà. Ẹranko kékeré kan wà nínú ọ̀sà Èkó tó ń jẹ́ Branchiostoma nigeriense. Webb, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹranko n'Íbàdàn nígbà náà, ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1955. Ó rí pẹlẹbẹ, orí àti ìrù rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Inú iyanrìn ló ń bora mọ́, tí yóò yọ ẹnu síta, tí yóò máa sẹ́ omi bí ẹni sẹ́ ògì kó lè rí oúnjẹ jẹ. Kò ní eegun kankan! Ọ̀pá kan tó le díẹ̀, tó sì ṣeé tẹ̀, ló gba ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù. Ọ̀pá yìí ni wọ́n fi sọ gbogbo ìdílé náà lórúkọ. Àwa náà ní in nínú oyún, kí eegun tó gba ipò rẹ̀.

Ẹnìkan wá ní «ọlọ́pàá-ẹ̀yìn» ńkọ́. Ẹ jọ̀ọ́! Ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní máa wá ìwé ọkọ̀ rẹ̀? «Olókùn-ẹ̀yìn» ni tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò kà á sí Olókun, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tiwọn nìyẹn.

Ní ti «ẹlẹ́gùn-ún», yóò kó òòrẹ̀ àti ẹja àrọ̀ mọ́ wọn. «Aláwọ-ẹ̀gún» sàn jù, torí inú awọ gan-an lọ̀rọ̀ wà: kùkúḿbà òkun rọ̀, síbẹ̀ eegun wínníwínní tí ojú lásán kò rí wà káàkiri awọ rẹ̀. «Alápá-márùn-ún» kò tilẹ̀ yẹ ní dídá lábàá. Àwọn ìràwọ̀ òkun kan ní ju márùn-ún lọ, ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sì ní ọ̀tún àti òsì bíi tiwa, kó tó yí padà.

Ó ku orúkọ agbo ilé tí ìdílé méjèèjì ti jáde wá, ìyẹn Deuterostomia, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Nínú ọlẹ̀ wọn, ihò tó kọ́kọ́ lu ló ń di ihò ìdí. Ẹnu ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo fi «ẹlẹ́nu-ìkẹyìn» sílẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó jù ú lọ, kó mú un wá.