Amp ń tan iná pupa, òórùn jíjóná ń jáde nínú ọkọ̀ bàbá mi

Ọmọ Ìtirẹ́ (Manchester, ṣùgbọ́n Surulere ni mo wà báyìí): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Corolla bàbá mi ni mo gbé amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè) sí, kí wọ́n lè máa gbádùn jùjú wọn lẹ́yìn tí mo bá padà lọ́jọ́ Àìkú. Amp onichannel mẹ́rin (ojú mẹ́rin tí ohùn ń gbà jáde), 75 watt RMS (agbára tó lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró) ní 4 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà). Sípíkà iwájú ní woofer (ti ohùn ìsàlẹ̀) àti tweeter (kékeré, ti ohùn òkè) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, subwoofer (sípíkà ńlá ti ìlù ìsàlẹ̀) kan wà nínú búùtù, dual 2 ohm: coil (wáyà tí wọ́n ká) méjì ló wà nínú rẹ̀, 2 ohm ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rẹ́wáyà àdúgbò ló bá mi so gbogbo rẹ̀. Bí a bá rọra gbọ́ ọ, ó dáa. Kí ìlù ṣáà wọlé báyìí, iná pupa, ohùn pa. Lálẹ́ yìí òórùn bíi ike tó ń jó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bàbá fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ Abẹ́òkúta láàárọ̀ ọ̀la, wọn ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ṣé amp míì ni kí n rà? Crossover (ohun tó ń pín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀) ńkọ́, níbo ni kí n gé e sí?

Ìyá Ìbejì (Houston): Ọmọ mi, lọ yọ fíúùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Báyìí. Má tíì ka ìyókù.

Ọmọ Ìtirẹ́: Mà, kò sí fíúùsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Inú búùtù ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ amp.

Ẹ̀gbọ́n Mushin (Toronto): Yé! Àbúrò, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tú wáyà pupa tó lọ sí amp kúrò lórí bátìrì. Wáyà ni fíúùsì yẹn ń ṣọ́, kì í ṣe amp. Kò gbọdọ̀ jìnnà sí bátìrì ju nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, torí bí wáyà bá há sábẹ́ ilẹ̀kùn tí irin gé ara rẹ̀, iná bátìrì gbogbo ló máa gbà á kọjá, fíúùsì inú búùtù ò ní mọ nǹkan kan. Bí tèmi ṣe rí ní Scarborough nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì jó, àga jó. Owó tí mo fi tún inú ọkọ̀ ṣe ju owó amp àti sípíkà pọ̀ lọ.

Ọmọ Ìtirẹ́: Mo ti tú u, sà. Iná ò sí ládùúgbò, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wò. Wáyà náà gbóná.

Ẹ̀gbọ́n Mushin: Fi ọ̀bẹ fá ara rẹ̀ níbi tó parí sí. Bí inú rẹ̀ bá funfun, aluminium tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Ó lè sanra bí ìka, kò lè gbé ohun tí ojúlówó kọ́pà tó tó o yẹn máa gbé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (Dublin): Ẹ jẹ́ ká bi í ní ohun tó yẹ ká bi í. Àbúrò, báwo ni rẹ́wáyà ṣe so coil méjèèjì inú subwoofer?

Ọmọ Ìtirẹ́: Ó so pọ́síítíìfù méjèèjì pọ̀, ó so négétíìfù méjèèjì pọ̀. Ó wá fi sí channel 3 àti 4 lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní bridge lòun ṣe, pé kí channel méjì di ọ̀kan.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ibẹ̀ ni! 2 ohm méjì ní parallel, 1 ohm ló kù. O tún bridge, ó túmọ̀ sí pé channel kọ̀ọ̀kan ń rí ìdajì rẹ̀, 0.5 ohm. Wo ìwé amp yẹn, wàá rí i pé 4 ohm ni òpin ìsàlẹ̀ fún bridge. Ó kàn ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. So négétíìfù coil kìíní mọ́ pọ́síítíìfù coil kejì, kí o lo méjì tó kù. Series nìyẹn, 4 ohm. Wáyà kúkúrú kan ṣoṣo ni o nílò, o ò ní ra nǹkan kan.

Bọ̀dá Peckham: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ohm, ohm. Gain (kọ́ọ̀bù tí wọ́n ń yí lára amp) ńkọ́? Àbúrò, ibo ni rẹ́wáyà yí gain dé?

Ọmọ Ìtirẹ́: Dé ìparí, sà. Ó ní kó lè dún dáadáa.

Bọ̀dá Peckham: Ẹ ti gbọ́! Gain kì í ṣe fólíúùmù. Ńṣe la fi ń mú amp bá agbára tí rédíò ń gbé jáde mu. Rédíò kan ń gbé 2 volt jáde, òmíràn 4. Bí o bá yí i dé ìparí, orí ìró á gé, gbogbo ohun tó gé yẹn á di iná lórí coil. Gain ló bà á jẹ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Bọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n gain kì í sábà mú amp tan iná pupa kí ìlù tó lu ẹ̀ẹ̀mejì. Sípíkà ni gain ń pa. Ohm ló ń lé amp sínú protect, iná pupa tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ yẹn.

Bọ̀dá Peckham: Èmi tí mo fi gain pa subwoofer méjì ní Old Kent Road ni ìwọ ń kọ́?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ wò ó, subwoofer lẹ pa. Amp yín ò kú.

Bọ̀dá Peckham: Ó gbóná dé ibi tí a ò lè fọwọ́ kàn án! Àbúrò, má dá a lóhùn. Bí o bá ti tún coil so, yá mítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tú sípíkà iwájú kúrò lẹ́nu amp, pa gbogbo bass àti treble rédíò sí òdo, gbé fólíúùmù rẹ̀ dé mẹ́ta nínú mẹ́rin, ta ìró 1 kHz sí i, fi mítà sí AC volt, kí o fi kan ẹnu amp tí o tú sípíkà kúrò yẹn. 75 watt lọ́nà 4 ohm jẹ́ 300, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 17.3. Rọra yí gain títí mítà á fi kà 17.3 volt, kí o dúró. Fi 50 Hz ṣe ti subwoofer, pẹ̀lú iye watt tí ìwé kọ fún bridge.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ọkùnrin ń jà, ẹ gbàgbé ohun tí ọmọ bi yín. Ọmọ mi, crossover kéékèèké méjì tó bá sípíkà iwájú wá, níbo ni wọ́n wà?

Ọmọ Ìtirẹ́: Inú páálí, mà. Rẹ́wáyà ní ọkọ̀ ò nílò wọn.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ó wá so tweeter tààrà mọ́ woofer? Àwọn àpótí yẹn ló ń yà wọ́n. Ohùn tó wà lókè bíi 3 kHz nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ tweeter. Láìsí wọn, gbogbo ìlù gángan tó wà nínú fújì máa kó wọ inú nǹkan tó kéré bí bọ́tìnì. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni tèmi lò kó tó dákẹ́, owó oríṣiríṣi ni mo ná kí n tó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ rà, torí wọn kì í ta ẹyọ kan. Òórùn tí o ń gbọ́ yẹn, fi imú sún mọ́ iwájú kí o mọ̀ bóyá tweeter ni.

Ọmọ Ìtirẹ́: Mà, òkùnkùn ṣú, n ò lè mọ̀. Ó jọ pé ó wà níbi méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n Mushin: Lórí amp fúnra rẹ̀, tẹ HPF (tó ń jẹ́ kí ohùn òkè nìkan kọjá) fún iwájú, gé e ní 80 Hz. LPF (tó ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ nìkan kọjá) fún subwoofer, 80 náà.

Bọ̀dá Peckham: Ilẹ̀kùn Corolla tín-ín-rín. 100 ni kó gé iwájú sí.

Ẹ̀gbọ́n Mushin: Bó bá gé e ní 100, tó fi LPF sí 80, àlàfo á wà láàárín, àkúbà á sì sọnù. Kí ló kù nínú jùjú bàbá?

Ẹni Dallas: Ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ṣé kì í ṣe pé iná 110 volt ni amp yẹn ń lò?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Bọ̀dá, amp ọkọ̀ ni. 12 volt ni, ní Dallas, ní Èkó, níbi gbogbo.

Ẹni Dallas: Ó yé mi. Ó kàn jẹ́ pé tèmi ṣì ń dùn mí ni. Mo gbé amp ilé olówó ńlá láti Amẹ́ríkà lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Yaba, wọ́n so ó mọ́ iná 220 volt tààrà, láìlo step-down (ẹ̀rọ tó ń dín iná kù). Ó tan, ó kọ orin kan, èéfín. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wò ó.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, ó mà ṣe o.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ kìlọ̀ fún bàbá náà pé bí wọ́n bá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí wọ́n dín ohùn kù. Alternator kì í fi bẹ́ẹ̀ mú iná wá bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Ẹ fi AC (ẹ̀rọ amúlétutù) kún un, ẹ fi iná iwájú kún un, bátìrì ló ń san gbèsè.

Ẹ̀gbọ́n Mushin: Ìwọ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, kí lo mọ̀ nípa súnkẹrẹ? Àwa tí à ń gba afárá Third Mainland wá sọ́dọ̀ yín la mọ̀ ọ́n. Kìlómítà 11.8, àárọ̀ Mọ́ńdè. Kásẹ́ẹ̀tì fújì á kọ ojú kìíní tán, á kọ ojú kejì tán, Adéníji Adélé ò tíì yọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ẹ̀yin lẹ ń wá, àwa ò wá yín. Orin ọ̀dọ̀ wa lẹ tún ń gbọ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n Mushin: Fújì ọ̀dọ̀ yín? Mushin ni kí ẹ ti wá gbọ́ fújì! Kí wọ́n dí òpópónà lálẹ́ Sátidé, kí sípíkà ga ju ilé lọ, kí àyà máa lù pẹ̀lú ìlù. Kò sí amp tó lè dún bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bọ̀dá Peckham: Tí mo bá ṣe òde ìkómọ ní Peckham, aago mọ́kànlá, káńsù ti dé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wá sí Houston. Gbọ̀ngán wa ń kọ títí di àárọ̀.

Bọ̀dá Peckham: Gbọ̀ngán tó wà nínú aginjù, ta ni yóò gbọ́? London ni òde wà.

Ìyá Ìbejì: Òde tí káńsù ń tú?

Ọmọ Ìtirẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti tún coil so ní series. Ṣùgbọ́n bí iná pupa bá ṣì ń tàn, ṣé monoblock (amp onichannel kan, ti subwoofer nìkan) ni kí n wá lọ ra ní Alábà? Tweeter náà ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Mushin: Má so bátìrì padà lálẹ́ yìí, láìsí fíúùsì. Àbúrò, tí ilẹ̀ bá mọ́, ṣé ìyá tó ń dín àkàrà nítòsí Ojúẹlẹ́gba ṣì wà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Èyí tó máa ń fi ata rodo gbígbẹ sí i?

Ẹ̀gbọ́n Mushin: Òun gan-an, mà. Lẹ́bàá abẹ́ afárá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Àkàrà Campos ọ̀dọ̀ wa ju ìyẹn lọ. Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni.