Fíìmù ṣókí àbí fíìmù péńpé? Iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí èrò kékeré ńkọ́?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìlọrin.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a máa pe fíìmù tí kò gùn ní "fíìmù ṣókí". Ó dùn létí, mo sì rí ìdí tí ọ̀pọ̀ fi gbà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fíìmù ni mò ń kọ́, irú èyí gan-an ni wọ́n sì ń ní ká máa ṣe ní kíláàsì, n kò lè fara mọ́ ọn. Tí a bá ní a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ní ṣókí, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà gùn níbòmíràn, kókó rẹ̀ la kàn fà yọ. Tí a bá gbọ́ ìròyìn ní ṣókí, a mọ̀ pé èyí tó kún ń bọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "fíìmù ṣókí" yóò máa wá èyí tó kún kiri. Ìpolówó tí wọ́n máa ń gbé jáde kí fíìmù tó dé ni orúkọ yẹn bá mu, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún un.

"Fíìmù kúkúrú" kò ní àṣìṣe, àmọ́ aago nìkan ló ń wò. Àjọ tó ń fúnni ní ẹ̀bùn Oscar l'Amẹ́ríkà ní kò gbọdọ̀ ju 40 ìṣẹ́jú lọ, títí kan orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó dára fún ìdíje. Ṣùgbọ́n nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, aṣáájú nínú fíìmù ṣíṣe nílẹ̀ Faransé, gbé fíìmù wọn han àwọn èèyàn ní Paris lóṣù kejìlá ọdún 1895, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó ìṣẹ́jú kan, kò sì sí gígùn kankan nílẹ̀ tí èèyàn ì bá fi wé e.

Péńpé ni mo mú wá ní tèmi. Ẹ wo ṣòkòtò péńpé. Kì í ṣe pé aṣọ ò tó télọ̀, kì í sì í ṣe pé ó gé ṣòkòtò gígùn. Látìgbà tó ti ń wọn aṣọ ló ti mọ̀ pé orúnkún lòun ń lọ. Màámi ní péńpé ń dún bí ohun tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, mo sì gbà pé a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà míì. Ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́? Àléébù rédíò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ká mi lára ju orúkọ lọ. Tí ẹnì kan bá mú èrò kékeré wá sí kíláàsì, àwa tó fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá a máa ní kó "mú un gbòòrò", tàbí ká pe iṣẹ́ náà ní "ìdàgbàsókè èrò". Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣì mí lọ́nà.

Mo lọ sí Dàda, ní Òkèlele n'Ìlọrin níbí, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Ìyá kan gbé ìkòkò tí wọ́n ti sun, tó ti tutù, lé itan, ó fi eegun ìka gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dẹtí. Kò wò ó rárá, ọ̀nà ló ń wò. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé e sápá ọ̀tún. Èyí tó tẹ̀ lé e dún bí igi gbígbẹ, ó gbé e sápá òsì. Èrò mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: obìnrin kan ń fi etí wá ibi tí ìkòkò ti sán.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un gbòòrò. Mo fún ìyá náà ní ọkọ tó ń mutí. Mo fún un ní ọmọ tó lọ sí Èkó tí kò pè. Mo fi olówó-èlé tó ń kanlẹ̀kùn sí i. Nígbà tí ìwé eré tí mò ń kọ fi dé ojú ewé 30, èmi fúnra mi kò gbọ́ ìró ìkòkò mọ́. Mo yọ ọkọ, mo yọ olówó-èlé. Ọmọ ló pẹ́ kó tó kúrò, torí mo fẹ́ràn ibi tí fóònù ti ń dún. Ìṣẹ́jú 4 ló ṣẹ́ kù: ìyá kan àti ìkòkò 7. Ìkeje, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, kò mọ apá tí yóò gbé e sí.

Ìdàgbàsókè kọ́ nìyẹn. Mo lọ̀ ọ́ ni. Ìtàn ìlú tí mo wà gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀: Ìlọrin, ìlọ irin. Òkúta tí wọ́n ní àwọn ará ìṣáájú ń lọ irin lé lórí ṣì wà nílùú. Irin tí à ń lọ̀, bó ṣe ń dín náà ló ń mú. Ká máa ní "lọ èrò", "èrò lílọ̀", ká sì fi àmì ohùn sí i dáadáa kó má di èrò tó lọ. (Olóhùn ìsàlẹ̀ ni, tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e ló ń gòkè sí àárín, bí a ti ń ní "lọ ata".)

Ẹnì kan yóò ní ata là ń lọ̀, pípọ́n là ń pọ́n ọ̀bẹ. Òótọ́ ni, mo sì ro pọ́n náà wò. Àmọ́ ojú ọ̀bẹ nìkan ni pípọ́n kàn. Èmi, ara èrò náà ni mo bù dànù.

A tún ń ní "mo fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ ọ́". Lọ̀ yẹn yàtọ̀ sí ti irin, síbẹ̀ wọ́n pàdé lórí iṣẹ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi di kámẹ́rà mú ni mo fi èrò ìkòkò lọ̀, òun ló bi mí pé: "Ṣé olówó-èlé yìí gbọ́ ìkòkò náà ni?" Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo yọ ọ́.

Mo ti kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi tuntun: "Èrò tí mò ń lọ̀ lọ́wọ́: okùn òfì já mọ́ ahunṣọ kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun." Ní ti péńpé, ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀ọ́ kó fi lọ̀ wá.