Ẹ̀wà olóyin kọ̀, kò jinná: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aṣèbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀wà olóyin tí mo rà ní Kútọ̀ ló wà lórí iná yìí, agolo mẹ́ta. Omi kànga ni mo fi sè é. Tòmátì, ata, epo àti iyọ̀ sì jọ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí gáàsì wọ́n. Ó ti lé ní wákàtí méjì. Èèpo ti ń bó, inú ṣì le, ìsàlẹ̀ sì ti ń jó. Ṣé ẹ̀wà náà ni kò dáa ni?

Ìyá Ẹlẹ́wà: Tòmátì ni. Ohun kíkan kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀, bí o fi gbogbo gáàsì ilé sè é. Kó rọ̀ tán kí ata tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ṣà á, fọ̀ ọ́; èyí tó bá léfòó, kòkòrò ti jẹ ẹ́, dà á nù. Fi omi lásán gbé e kaná, kó hó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o da omi yẹn nù, torí ó ń gbé díẹ̀ lọ nínú ohun tó ń fẹ́ni níkùn. Bu omi gbígbóná mìíràn sí i, kó fi oríkèé ìka méjì ga ju ẹ̀wà lọ. Ré àlùbọ́sà sí i, dé e pa, dín iná kù. Olóyin tuntun kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Bí omi bá fẹ́ gbẹ, omi gbígbóná ni kí o fi kún un. Má máa fi ṣíbí ro ó ṣáá: èyí tó bá fọ́ ló ń sùn sísàlẹ̀, òun ló ń jó. Fi ìka méjì tẹ hóró kan. Bí kò bá sí ibi líle láàárín, ó ti tó iyọ̀.

Ará Aké: Ẹ wo omi náà o. Bí ọṣẹ kì í bá hó dáadáa nínú omi kànga yẹn, kò lè tètè mú ẹ̀wà rọ̀. Omi òjò tàbí píọ̀ wọ́tà sàn jù. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò, níbi tó móoru, tún máa ń le. Ẹ rẹ irú ẹ̀ sómi mọ́jú.

Aṣèbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Káún ńkọ́, mà?

Ìyá Ẹlẹ́wà: Ìwọ̀n hóró àgbàdo kan tó fún agolo mẹ́ta, tí ẹ̀wà bá ti gbó ni o. Bó bá pọ̀, ẹ̀wà á dúdú, á máa ta ọṣẹ-ọṣẹ lẹ́nu.

Ti ata: tàtàṣé mẹ́ta, rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá kan, má lọ̀ ọ́ kúnná. Din ín nínú epo pupa ṣíbí ọbẹ̀ méjì títí omi ata á fi gbẹ tí epo á yọ sókè. Edé gígún wọ̀ ọ́, dà á sórí ẹ̀wà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná kékeré.

Ọmọ Ìtòkú: Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mà, kò pọn dandan kéèyàn din ata. Tútù náà ń dùn, bí ẹ̀wà bá ṣáà ti rọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wà: Ó ń dùn lóòótọ́, àmọ́ kì í pẹ́ kan.

Aṣèbéèrè: Èyí tó wà lórí iná yìí ńkọ́?

Ará Aké: Ẹ má ha ìsàlẹ̀. Ẹ rọra bu tòkè sínú ìkòkò mìíràn, ẹ fi omi gbígbóná àti káún bíńtín sí i. Káún á pa kíkan tòmátì. Ẹ dé e, kó máa sè lórí iná kékeré. Ẹ má fi iyọ̀ kún un mọ́.